Iye Tó Yẹ Ká Rí

Orí kẹrin ìwé àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ loúnjẹ mi. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìgándò. Wọ́n á kó ìbéèrè tí àwọn ará àdúgbò dáhùn wá, èmi á kà á, èmi á fi kọ̀ǹpútà ṣe káì-súkúà, ìṣirò tó ń fi iye tá a rí wé iye tó yẹ ká rí, èmi á sì sọ ohun tó túmọ̀ sí. Ká má parọ́, ohun tí ọ̀gá wọn fẹ́ gbọ́ ni mo sábà máa ń sọ.

Lọ́dún tó kọjá, Al-Ameen, ọmọ alága àwọn onílé àdúgbò wa, gbé iṣẹ́ wá: ṣé omi kànga ẹ̀gbẹ́ ààtàn ló ń fún àwọn ọmọdé ní ìgbẹ́ gbuuru? Ogún ilé péré ló dé, ó sì ti kọ ìparí ìwé tán kó tó wá bá mi: kànga kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

"Bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn jàre," ló wí.

A jókòó, a fọwọ́ ara wa kọ ọgọ́rùn-ún ìdáhùn kún un, iye sì jáde bá a ṣe fẹ́. Bàbá rẹ̀ ka ìwé náà nípàdé, wọ́n sì ní àwọn kò ní dí kànga náà mọ́ bí wọ́n ṣe ti pinnu tẹ́lẹ̀. Mo wà níbẹ̀, mo pàtẹ́wọ́.

Láàárọ̀ yìí ni Ìníolúwa, akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, gbé tirẹ̀ dé. Kànga kan náà ni, àmọ́ òun fẹsẹ̀ rìn dé ọgọ́fà ilé.

"Bọ̀ọ̀dá Dayọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan kún un o," ló wí kó tó lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, torí òótọ́ ni pé mo máa ń fi kún un.

Ọgọ́ta ilé ń mu omi kànga, ọgọ́ta ń ra omi. Nínú ogójì ilé ni ọmọ ti ṣàìsàn. Bí ọwọ́ kànga bá mọ́, ogún yẹ kó bọ́ sápá kan, ogún sápá kejì. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo rí lápá kànga, mẹ́sàn-án lápá kejì. Bí káì-súkúà irú èyí bá ti lé ní mẹ́rin, a ti ń sọ pé kì í ṣe kòńgẹ́ lásán. Eléyìí lé ní méjìdínlógún.

Mo tún àwọn ìwé náà kà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ pé èmi ni mo ṣì í kà. Ìwé kẹrìnléláàádọ́rin ni mo ti dúró. Kò sórúkọ níbẹ̀, àmọ́ ọwọ́ Ṣìkẹ́mi ìyàwó mi ni. Omi: kànga. Ọmọ ṣàìsàn: bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la ní eyín ló ń hù lẹ́nu Tósìn ọmọ wa. Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni ìdí tí wọ́n fi ń lo omi náà. Ó kọ ọ́ pé: "Ọkọ mi ní ìwé ti sọ pé kò léwu."

Mo pè é. Mo bi í pé Tósìn ńkọ́.

"Ó ń sùn, Bàbá Tósìn. Eyín yẹn tún ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Ó yàgbẹ́ títí, kò tiẹ̀ lè sunkún mọ́. Mo ṣá ń fún un lómi."

"Omi wo?"

"Ti kànga ni. Àbí omi wo la tún ní?"

Mo sáré jáde lọ sílé, n kò ti ṣọ́ọ̀bù.