Okùn Inú Ògiri

Ìyá Wáyà ni gbogbo ilé aṣòfin ń pe obìnrin náà, nítorí ó ti lé lógún ọdún tó ti ń tún iná wọn ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, orí àkàbà ló wà, ó ń wo ihò tó yẹ kí ẹ̀rọ agogo oníná tí wọ́n fi ń pe ìjókòó wà. Wáyà mẹ́ta péré ló kù níbẹ̀, wọ́n ti gé wọn mọ́lẹ̀.

Akọ̀wé ilé wò ó láti ìsàlẹ̀. "Àwọn ará ọ́fíìsì ààrẹ ní àwọn gbé e lọ fún àtúnṣe."

"Ta ló ní ó bàjẹ́? Àná ni mo nu eruku ara rẹ̀!"

Ọgbọ̀n ọjọ́ sẹ́yìn ni ààrẹ kéde òfin pàjáwìrì láìbéèrè lọ́wọ́ aṣòfin kankan. Bí ilé kò bá bẹ̀rẹ̀ ìjókòó kí aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ tí agogo sọnù yìí tó lù, kí wọ́n sì dìbò lé e lórí, ọdún kan gbáko ni òfin ọ̀hún yóò fi wà. Ìjókòó kò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ bí agogo kò bá kọ́kọ́ dún. Òfin yìí náà ni wọ́n fi ti àbúrò Ìyá Wáyà mọ́lé láìfojú kan adájọ́. Nọ́ọ̀sì ni. Ó kàn sọ síta pé oògùn ti tán ní ọsibítù ni.

Ọkùnrin oníkóòtù kan láti ọ́fíìsì ààrẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngán. "Ẹ lọ sinmi, màmá. Agogo ò sí, ìjókòó ò sí."

"Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ n kó irinṣẹ́ mi ná."

Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni ó rántí. Kí iná tó dé, okùn ni wọ́n fi ń fa agogo ńlá orí òrùlé. Nígbà tó ń ta wáyà tuntun, kò yọ okùn náà, kí ògiri má baà là. Ọ̀gá rẹ̀ bá a wí títí. Ó dá a lóhùn pé, "Ohun tí kì í bá ni jẹun, èéṣe tí a ó fi lé e jáde?"

Nínú yàrá tó fara ti gbọ̀ngán, òun àti akọ̀wé ti kọ́bọ́ọ̀dù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ṣí pátákó kékeré kan lára ògiri. Okùn irin náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó fà á, kò mira. Àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké tí okùn náà gbà kọjá ti dógùn-ún. Kò fi ipá fà á, torí ipá ló ń já okùn. Ó ro òróró sí i, ó sì dúró.

"Ìyá Wáyà, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án!"

"Akọ̀wé, òróró kì í gbọ́ ariwo."

Ó mì í sọ́tùn-ún, ó mì í sósì, ó tún ro òróró. Kẹ̀kẹ́ han ẹ̀ẹ̀kan, ó sì yí.

Agogo ńlá dún! Àwọn ẹyẹlé fò lórí òrùlé, àwọn aṣòfin sì sáré wọlé bí ọmọ iléèwé tó pẹ́ lẹ́yìn.

Oníkóòtù fò dìde. "Agogo ìjókòó kọ́ nìyẹn!"

"Agogo ni òfin sọ," ni akọ̀wé fèsì. "Kò ní kó jẹ́ oníná."

Ìyá Wáyà kò fi okùn sílẹ̀ títí ilẹ̀kùn gbọ̀ngán fi tì. Ó wá fi etí lé ògiri. "Rárá" ló ń gbọ́, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, wọn ò sì tíì pe orúkọ débi ìdajì. Ó nu òróró ọwọ́ rẹ̀, ó sì pe ìyàwó àbúrò rẹ̀ lórí fóònù.

"Ìyàwó wa, lọ sá bàtà ọkọ rẹ sóòrùn."