Òkúta Tó Kù Sẹ́nu Ayùn

3.

…nítorí náà ni mo fi sọ fún obìnrin tó gbé fóònù pé ayùn ni mo fẹ́ rà, n kò bá ti ìjà wá.

Ó ní, "Ẹ kú oríire. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

1. (Èyí ni ì bá ṣáájú. Ẹ má bínú.)

Ìwé kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ra ìyẹ̀fun tí a fi ń dán òkúta:

A FẸ́ TA AYÙN TÍ Ń GÉ ÒKÚTA.
Àlòkù ni, ṣùgbọ́n kò tíì gbó.
Abẹ rẹ̀ fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Àpótí epo rẹ̀ kò jò.
Bẹ́líìtì rẹ̀ já. Ẹni tó bá rà á ni yóò ra bẹ́líìtì.
Òkúta kan wà nínú rẹ̀. ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ TÚ U.
Ẹ pe nọ́ńbà àkọ́kọ́. Ẹ má pe ìkejì.

Lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ẹlòmíràn kọ ọ́ pé:

Ìkejì ni kí ẹ pè. Àkọ́kọ́ máa ń pariwo.

2.

Iṣẹ́ mi ni pé kí n gé òkúta, kí n dán an, kí n sọ ọ́ di ohun tí ènìyàn lè fi sọ́rùn. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń fi ayùn ọwọ́ gé e. Òkúta tó bá tó ìkúùkù, ó di ọjọ́ méjì.

Èjìká mi ọ̀tún ti ga ju tòsì lọ. Ìyàwó mi ní bí mo bá dúró láàárín akọrin, ó máa ń dà bí ẹni pé n kò gba ohun tí à ń kọ gbọ́.

Dókítà sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá: "Ẹ fi ayùn ọwọ́ yẹn sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, apá yín á fi yín sílẹ̀."

Ẹ ti mọ ìdí tí mo fi gbọ́dọ̀ rà á.

4. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn

ÀǸTÍ. Ó lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún. Iyàrá ẹ̀yìn ni tirẹ̀.

ÀBÚRÒ RẸ̀. Ọkùnrin. Òun nìkan ni àbúrò tí Àǹtí ní. Iyàrá iwájú ni tirẹ̀. Ògiri kan ló pín wọn níyà.

Àwọn méjèèjì ló jọ ra ayùn, tí wọ́n jọ ń gé òkúta. Láti ọdún mẹ́fà, wọn kò bá ara wọn sọ ọ̀rọ̀ kan.

ÒKÚTA. Ó tó orí ọmọ ọwọ́. Eérú ni àwọ̀ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò mọ inú rẹ̀.

ÈMI. Mo ti sọ nípa èjìká.

5. Lára ògiri iyàrá iṣẹ́ wọn, ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi kọ ọ́:

Àǹtí ní: ó ki láti òkè dé ìsàlẹ̀.
Àbúrò ní: ihò wà nínú rẹ̀, ohun tó ń dán ló sì kún inú ihò náà.
Bí ó bá ki: Àbúrò yóò máa ru àpò Àǹtí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì títí ayé, lójú gbogbo ìjọ.
Bí ó bá ní ihò: Àǹtí yóò máa pe Àbúrò ní "bọ̀dá mi".

Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, wọ́n tan ayùn. Ó gé òkúta wọlé dé ìdá kan nínú mẹ́ta. Bẹ́líìtì já.

Àǹtí ní Àbúrò ló fi ọ̀bẹ gé e nítorí pé ẹ̀rù ń bà á. Àbúrò ní Àǹtí ni.

Mo béèrè pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò ra òmíràn.

Wọ́n wò mí bí ẹni tó béèrè ìdí tí omi fi ń tutù. Ẹni tó bá ra bẹ́líìtì ti jẹ́wọ́ nìyẹn.

6. Ohun tí wọ́n sọ níwájú mi, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́

ÀBÚRÒ: Ẹ bá mi sọ fún obìnrin tó jókòó sọ́wọ́ òsì yín pé kó gbé àga fún àlejò.

ÈMI: Àǹtí, bọ̀dá ní—

ÀǸTÍ: Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí! A ò tíì gé òkúta.

ÈMI: Ẹ jọ̀ọ́, mà.

ÀǸTÍ: Ẹ sọ fún un pé àga tó jókòó lé, èmi ni mo ni ín.

ÈMI: Wọ́n ní—

ÀBÚRÒ: Etí mi ò di. Ẹ bi í bóyá ó fẹ́ kí n dìde.

ÈMI: Wọ́n ní ṣé—

ÀǸTÍ: Kó jókòó o jàre. Orúnkún rẹ̀ ò dá. Ẹ má sọ ìyẹn fún un.

ÀBÚRÒ: Ẹ sọ fún un pé orúnkún mi ti sàn.

ÀǸTÍ: Irọ́! Mo ń gbọ́ ọ bó ṣe ń dún láràárọ̀.

7.

Wọ́n kọ́ mi láti kékeré pé ìbùkún ń bẹ fún onílàjà. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé àárẹ̀ ẹnu ló máa ń kọ́kọ́ dé.

8. Fóònù èmi àti ìyàwó mi

— Ṣé o ti rà á?
— Ó ku nǹkan kan.
— Kí ló kù?
— Àlàáfíà.
— Ṣé ìyẹn náà máa wọ ilé wa? Ìwọ mọ̀ pé àyè ò sí.

9.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n tú òkúta náà kúrò, kí n gbé ayùn lọ. Àwọn méjèèjì kọ̀. Mo mọ̀ pé òtítọ́ ni wọ́n sọ: òkúta tí a bá tú nígbà tí ayùn ti wọ inú rẹ̀, a kì í tún un dè kó bọ́ sójú ibi tó wà rí. Yóò tẹ abẹ. Nítorí náà, wọ́n ní kí n wá bẹ́líìtì wá, kí a gé e parí níwájú àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni wọn óò fọwọ́ sí ìwé, ayùn yóò sì di tèmi.

Àǹtí lọ bu omi fún mi. Àbúrò lọ wá awò ojú rẹ̀. Ó ku èmi àti òkúta.

Ẹrẹ̀ epo gbígbẹ ti dí ojú ibi tí ayùn gé. Mo fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ. Mo gbàdúrà. (Kì í ṣe àdúrà tó dára.) Mo tì í wọlé.

Ó dúró gbọn-in. Òkúta náà ki.

9. (Lẹ́ẹ̀kejì.)

Mo purọ́. Kò dúró. Ó wọlé títí ó fi kan ìka mi.

9. (Níwájú Ọlọ́run.)

Ìgbálẹ̀ náà kán. N kò mọ̀ bóyá ihò ló gbé e mì tàbí òkúta ló ṣẹ́ ẹ.

Nígbà tí Àǹtí gbé omi dé, mo mu gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

10. Ìwé tí wọ́n ní kí n fọwọ́ sí kí n tó gbé bẹ́líìtì wọlé

Èmi, olùrà, jẹ́rìí pé èmi ni mo ra bẹ́líìtì yìí láti inú ọkàn mi. N kò rà á fún Àǹtí. N kò rà á fún Àbúrò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi rírà mi ṣe ẹ̀rí.

11.

Ìwọ̀n irin mẹ́rin tí a so kọ́ okùn ló ń fa òkúta lọ bá abẹ. A tan án ní ọ̀sán. N kò ní aago lọ́wọ́. Orin ni mo fi ń ka àkókò.

Orin kìíní: àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ òkúta.

Orin kejì: Àǹtí ní kí n sọ fún Àbúrò pé ayùn náà ń dún bí ìgbà tí bàbá àwọn ń hanrun. Kí n tó yanu, Àbúrò ti rẹ́rìn-ín.

Orin karùn-ún:

ÀBÚRÒ: Ẹ sọ fún un pé bàbá kì í hanrun. Ìyá ni.

ÀǸTÍ: Ìwọ yìí! Ìyá wa tí kì í—

(Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀rọ̀ ti bọ́.)

ÀBÚRÒ: Ẹ̀yin náà ń hanrun.

ÀǸTÍ: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

ÀBÚRÒ: Ògiri yẹn ò nípọn, àǹtí mi. Bí mi ò bá ti gbọ́ yín, mo máa ń dìde wá dúró sẹ́nu ọ̀nà yín.

ÀǸTÍ: Láti ṣe kí ni?

ÀBÚRÒ: Mo máa ń wúkọ́. Kí ẹ lè yí ara padà, kí n gbọ́.

ÀǸTÍ: Ìwọ ni! Mo ti bá aládùúgbò jà nítorí ológbò rẹ̀!

12.

Orin kẹjọ. Ó ku ìwọ̀n èékánná kan.

Bí ó bá já, mo ní ayùn. Bí ó bá já, ẹnì kan nínú wọn ti pàdánù.

Wọ́n ti kọ ẹ̀yìn sí òkúta. Ọ̀rọ̀ wọn ti dé orí aṣọ iléèwé tí ẹnì kan nínú wọn jó níhò ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn.

Mo yọ ìwọ̀n irin kan kúrò lára okùn. Ayùn rọra.

13.

Mo yọ òmíràn.

14.

ÀǸTÍ: Ẹ bá wa pa ẹ̀rọ yẹn ná. Mi ò gbọ́ ohun tí ọmọkùnrin yìí ń sọ.

ÀBÚRÒ: Ẹ má pa á o! Ó kù díẹ̀.

ÀǸTÍ: Mo ní kó pa á!

ÀBÚRÒ: Ẹ̀rù ń bà yín ni!

ÀǸTÍ: Ẹ̀rù kí ni? Wò mí lójú, kí o tún un sọ.

(Ó wò ó lójú. Ó tún un sọ. Ẹnikẹ́ni kò ní kí n bá òun jíṣẹ́.)

15.

Ọwọ́ mi wà lórí bọ́tìnnì pupa tí a fi ń pa ẹ̀rọ. Mo ti bẹ̀rẹ̀ orin mìíràn, èyí tó gùn jù nínú gbogbo èyí tí mo mọ̀, mo sì ń tún ègbè rẹ̀ kọ