Òpin Fíìmù Tí Djibril Sọ

Kò sí oníbàárà tó wọ ṣọ́ọ̀bù awò ojú Mùkàrámà ní Marcory nílùú Abidjan tí kì í béèrè nípa rọ́bọ́ọ̀tì orí káńtà. Kò ga ju ìgò omi kékeré lọ, apá òsì rẹ̀ ti kán, oòrùn sì ti mú kí pupa ara rẹ̀ ṣá. Toko ni orúkọ rẹ̀. Inú ọ̀wọ́ fíìmù kan tí wọ́n ń pè ní *Les Bateliers d'Ozrane* ló ti jáde, fíìmù mẹ́ta tó gbòde nígbà tí Mùkàrámà wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Ìtàn àwọn atukọ̀ ni, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ òfuurufú kó èrò láti ayé kan sí òmíràn, bí àwọn ará Abidjan ṣe ń wọkọ̀ sọdá ọ̀sà.

Mùkàrámà ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ozrane kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí wọ́n kọ tẹ̀lé àwọn fíìmù náà, ó ní ife tí wọ́n ya ọkọ̀ wọn sí lára, ó sì ní èrò tirẹ̀ lórí gbogbo rẹ̀. Ẹni tó máa ń bá a jà lórí èrò wọ̀nyí ni Lazare, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Awò ló wá rà lọ́jọ́ kìíní, bó ṣe rí Toko ló figbe ta. Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀sán Sátidé tí kì í yà.

"Tantie, ìpolówó ọjà lásán ni àwọn ìwé yẹn," Lazare, tó ń fi èdè Faransé pè é ní àǹtí, á wí. "Fíìmù ló kọ́kọ́ wà. Wọ́n kàn wá ẹnì kan kó yára kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n lè rí nǹkan mìíràn tà."

"Ojú èèyàn lásán lo rí nínú fíìmù," Mùkàrámà á dá a lóhùn. "Inú ìwé ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀rù omi ń ba ọ̀gá atukọ̀ wọn láti kékeré. Fíìmù wo ló sọ ìyẹn fún ọ?"

Nígbà tí Lazare sọ pé òun ní Toko mẹ́rin nílé, tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí páálí wọn rí, Mùkàrámà mi orí.

"Nǹkan ìṣeré tí ọmọ kankan ò fọwọ́ kàn rí, òkú ni. Pósí rẹ̀ lo kàn ń tọ́jú."

Lazare rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni pé obìnrin tó ń bá òun jiyàn yìí kò wo ìkankan rí nínú fíìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ohun tó fà á kò ju ti ilé lọ. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, Aláàjì Àbúdù, tó ń ta abọ́ tánganran ní ọjà Adjamé. Kò sì fẹ́ kí ọmọbìnrin òun dé ẹnu ọ̀nà sinimá. Djibril, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ, ló máa ń yọ́ lọ. Mùkàrámà wá ń gba ọ̀nà ìwé wọlé. Àwọn tó ń pàtẹ ògbólógbòó ìwé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá títì, tí gbogbo ìlú ń pè ní *librairie par terre*, ló ti ń rà wọ́n. Ojú ewé ìparí ti ya kúrò nínú ìwé kìíní, bóyá ẹlẹ́pà kan ti fi wọ́n wé ẹ̀pà. Mùkàrámà kà á dé ibi tí iná ti sọ lára ọkọ̀, tí Toko dúró tó ń fi ọwọ́ di ilẹ̀kùn mú kí àwọn èrò lè sá jáde. Ibẹ̀ ni ìwé tán sí, kò sì rí òmíràn tó pé rà títí dòní. Ó sáré lọ bá Djibril láàárín àwọn abọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣẹlẹ̀ sí Toko?"

Djibril gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá jókòó, ó sì sọ ọ́. Ó ní Toko kú. Ó ní ọ̀gá atukọ̀ sọ pé ọkọ̀ òun ò ní gbéra àfi tí wọ́n bá sin ín. Wọ́n fi omi tó mọ́ wẹ èéfín kúrò lára rẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun wé e, wọ́n tẹ́ ẹ sí etí odò kan tó tutù. Olúkúlùkù àwọn tó gbà là dárúkọ oore kan tó ṣe. Ìgbà tí wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀ tán ni wọ́n tó lọ. Mùkàrámà sunkún lọ́jọ́ náà títí ikun fi dí i nímú, lẹ́yìn náà ó sùn fọnfọn, oorun tí kò rí sùn láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ó di ọjọ́ Àìkú kan lọ́dún tó kọjá, Lazare gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sílé Mùkàrámà. Ó ti rí fíìmù kìíní, wọ́n ti tún un ṣe, àwòrán rẹ̀ wá mọ́ kedere. Ó ra alloco, ìyẹn dòdò, dání. Mùkàrámà ò mọ bí òun ṣe máa kọ̀. Ó wé gèlè rẹ̀ dáadáa bí ẹni tó ń retí àlejò, ó sì jókòó.

Ó gbádùn rẹ̀. Ó rí okùn tí wọ́n fi so ọkọ̀ òfuurufú náà rọ̀, ó sì fẹ́ràn okùn náà. Ohùn ọ̀gá atukọ̀ nìkan ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ohùn tín-ín-rín ni, bẹ́ẹ̀ ohùn ìyá tirẹ̀ ni Mùkàrámà fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀gá náà lórí gbogbo ojú ewé láti ìgbà èwe. Nígbà tí iná sọ, ó di apá àga mú. Toko di ilẹ̀kùn mú. Àwọn èrò sá jáde. Òrùlé wó lu Toko. Ọ̀gá atukọ̀ sì fa irin kan, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n sá wọ̀ gbéra, àwọn méjì nínú èrò náà dì mọ́ra wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín, orin bẹ̀rẹ̀, orúkọ àwọn òṣèré ń gòkè lọ.

"Ìsìnkú ńkọ́?" Mùkàrámà béèrè.

"Ìsìnkú wo, Tantie?"

"Ti Toko. Ṣé wọ́n gé e kúrò ni?"

"Wọn ò gé nǹkan kan. Bó ṣe wà láti ilẹ̀ nìyí."

Mùkàrámà gbé abọ́ alloco sílẹ̀. Ó jẹ́wọ́ fún un pé òun ò wò ó rí. Lazare ò rẹ́rìn-ín. Ohun tó béèrè ni pé, "Ta ló wá sọ ti ìsìnkú fún yín?"

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Mùkàrámà wọkọ̀ lọ sí Songon lẹ́yìn ìlú. Djibril ti fẹ̀yìn tì kúrò níbi iṣẹ́ èbúté, ó ń gbin gbágùúdá àti ilá sẹ́yìn ilé tuntun kan lẹ́bàá ọ̀sà. Ó bá a níbi tó ti ń fi ọkọ́ ro koríko. Lẹ́yìn ìkíni, kò fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo wo *Les Bateliers*. Wọn ò sin Toko."

Djibril gbé ọkọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rín mú un. "Ó ṣe, o ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wò ó! N ò mọ̀ bóyá wọ́n sin ín àbí wọn ò sin ín. Aago mẹ́rin ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀. Bàbá gbọ́dọ̀ bá mi ní ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó pe ìrun Màgíríbì. Bí iná bá ti sọ báyìí, èmi ti ń sáré bọ̀ lọ́nà."

"Ẹ ò rí òpin rẹ̀ rí?"

"N ò rí òpin ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé ìsìnkú lẹ sọ?"

Djibril jókòó sórí àpótí kan, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "Ọdún tí Màmá lọ sílé tí wọn ò padà ni. Ìgbà tí ìròyìn fi dé Adjamé, wọ́n ti sin wọ́n láti ọjọ́ mẹ́jọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. O ń bi gbogbo èèyàn pé ta ló wẹ̀ wọ́n, ta ló wà níbẹ̀, kí ni wọ́n sọ. Ẹnikẹ́ni ò dá ọ lóhùn. Bàbá ò lè la ẹnu. Èmi náà ò sí níbẹ̀, kí ni mo fẹ́ sọ? Àmọ́ ti Toko, kò sẹ́ni tó lè ní mo purọ́."

Mùkàrámà ò rántí pé òun bi ẹnikẹ́ni léèrè. Odò tútù yẹn nìkan ló rántí, àti aṣọ funfun. Ó wo ọ̀sà lọ́ọ̀ọ́kán, ó sì fi etí ìbòrí rẹ̀ nu ojú.

"Báwo ni wọ́n wá ṣe parí rẹ̀?" Djibril béèrè.

Ó sọ fún un. Djibril pòṣé.

"Wọ́n kàn gbéra lọ? Wọn ò bojú wẹ̀yìn?"

"Wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín."

"Aláìmoore."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Mùkàrámà wá bi í nípa fíìmù kejì, èyí tí Djibril sọ òpin rẹ̀ fún un lábẹ́ òjò ní ìta ṣọ́ọ̀bù. Djibril ronú, ó tún ronú, ó mi orí. Ó ní òun ti gbàgbé pátápátá, pé òun ò mọ̀ pé òun tún sọ ti èkejì.

"Ẹ sọ ọ́. Epo tán nínú ọkọ̀ wọn láàárín òkùnkùn. Ọkọ̀ tó fẹ́ gbà wọ́n là ń wá wọn, kò rí wọn. Ni obìnrin arúgbó kan bá bẹ̀rẹ̀ orin ní èdè tirẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbé tirẹ̀ lédè mìíràn."

"Ohùn kì í rìn níbi tí kò sí afẹ́fẹ́."

"Mo mọ̀. Lazare á ti pariwo. Ṣùgbọ́n nínú tiyín, ó rìn."

Djibril fa àpótí mìíràn sún mọ́ ọn kó lè jókòó. Mùkàrámà ń sọ ọ́ lọ, èdè kan lẹ́yìn òmíràn, gbogbo èrò inú ọkọ̀, títí ọkọ̀ kejì fi tan iná rẹ̀ lókèèrè. Fatimata, ìyàwó Djibril, yọjú láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ní attiéké tí òun fi gbágùúdá sè ti wà nílẹ̀, ẹja sì ń tutù.

Djibril gbọ́wọ́ sókè láìyí ojú padà.

"Jọ̀ọ́, dúró ná, Fatimata. Wọn ò tíì gúnlẹ̀."