Ojú Ìyá Mubeenah Lórí Èèpo Ìwé

"Ẹ má rẹ́rìn-ín mọ́, ẹ jọ̀ọ́! Ìyá Mubeenah, wọ́n ń fìyà jẹ yín o! Ẹ rántí pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ yín!"

"Mo kúkú rántí," ni Ràmúlátù wí, ó sì tún bú sẹ́rìn-ín. Bàsíà tó gbé dání ń gbọ̀n. "Ìwọ lo ń wò mí bí ẹni ń wo àgbò ọdún. Láti ìgbà tí bàbá Mubeenah ti kú, ọkùnrin kan ò tíì tẹjú mọ́ mi pẹ́ tó báyìí."

Owólabí ayàwòrán fi ìdí pẹ́ńsùlù họ orí. Ó ti ya ẹ̀rín náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti ṣí bébà ọ̀hún kọjá. Ẹkún ló ń wá. Láti àárọ̀ ló ti jókòó sórí àpótí níwájú ìsọ̀ obìnrin yìí, nínú ọjà kékeré kan ní Adjamé, ní ìlú Abidjan, tí bàsíà yí i ká lọ́tùn-ún lósì, débi pé oníbàárà kan ti béèrè iye tí wọ́n ń ta Owólabí náà.

"Ó dáa. Ẹ tún sọ fún mi bí Mùsíọ̀ Alidou ṣe gba ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

Ẹ̀rín náà kú lójú rẹ̀ bí iná tí wọ́n da omi sí.

Alidou ni ọ̀gá tó ń bójú tó pépà ìsọ̀, ìyẹn ìwé àṣẹ ìtajà, nínú ọjà náà. Nígbà tí Àrìmíyàù, ọkọ Ràmúlátù, kú lọ́dún tó kọjá, 2006, Alidou wá kí i, ó ṣàdúà fún òkú, ó nu ojú. Lẹ́yìn àmín ló wá ní orúkọ òkú ló wà lórí pépà, òkú kì í sì í ta bàsíà. Òun á yí i sí orúkọ opó, bí opó bá mọ inú rò. Opó mọ inú rò: ó kó bàsíà ńlá mẹ́fà fún un. Pépà ò jáde. Ó tún kó onídèérí fún un nígbà tí ọmọ Alidou ń ṣègbéyàwó. Pépà ò jáde. Ní báyìí, Alidou ní bí oṣù bá fi parí, ìsọ̀ á di ti ẹlòmíràn. Ìsọ̀ yẹn ni oúnjẹ ọmọ mẹ́ta, tí àgbà wọn ò tíì mọ A yàtọ̀ sí B.

"Ó nawọ́ sí èyí tó ní òdòdó pupa," ni Ràmúlátù wí. "Mo ní, 'Mùsíọ̀, ìyẹn ni mo fi ń fa oníbàárà mọ́ra.' Ó ní, 'Ó ti fa èmi náà mọ́ra.' Ó fà á. Mo dì í mú. Ó tún fà á. Owólabí, mo dì í mú bí ẹni di ọmọ mú..."

"Ẹ dúró bẹ́ẹ̀! Ẹ má mira!"

Omi bọ́ lójú rẹ̀, inú Owólabí sì dùn bí inú apẹja tí ìwọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fà. Ojú náà ti dé.

"Tí ìwé aláwòrán yìí bá jáde," ó ní, bí pẹ́ńsùlù ṣe ń sáré, "gbogbo Abidjan á mọ ohun tí ojú yín ń rí. Ìjọba gan-an ló gbé iṣẹ́ náà fún wa. Fúnra Alidou ló máa gbé pépà yín wá."

"Àmín." Ràmúlátù fọn imú. "Bá mi jẹ́ kí imú yẹn tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀."

Owólabí ò lè ya ojú ènìyàn láti inú orí. Àbùkù rẹ̀ nìyẹn, gbogbo ọ́fíìsì ló sì mọ̀ ọ́n. Ó lè ya afárá, ó lè ya ọkọ̀ ojú omi, ó lè ya táksí tó kún fún ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti di ojú, tí kò bá sí ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀, ojú bàbá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ló máa ń jáde. Ó ti ya bàbá rẹ̀ ní ọlọ́pàá. Ó ti yà á ní nọ́ọ̀sì. Ó tilẹ̀ yà á ní ìyàwó ọ̀ṣìngín lẹ́ẹ̀kan, tirùngbọ̀n tirùngbọ̀n. Láti ọjọ́ náà ló ti ń yá ojú lò.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Á kọ́kọ́ ya àwòrán mẹ́sàn-án tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, tí kò lójú, tí kò nímú, kí ó lè mọ ibi tó máa mọ́lẹ̀ àti ibi tó máa ṣókùnkùn. Á yan ẹyọ kan, á yà á tóbi, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé ọ́fíìsì wọn ní Marcory, á sì ré títì kọjá lọ dúró ti obìnrin tó ń din ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bí èèpo ìwé ò bá pe ènìyàn láti òdìkejì títì, kò tíì di èèpo. Ìgbà yẹn ló tó máa mú ojú tó yá wá. Á tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń pè ní kálìkì lé e lórí, á fi yíǹkì tọ ipasẹ̀ rẹ̀, á wá lẹ̀ ẹ́ síbi tó yẹ. Ìgbàkúùgbà tí wọ́n bá ní kó tún iṣẹ́ ṣe, ojú tó wà lórí kálìkì yẹn náà ni yóò gbé padà síbẹ̀. Ohun gbogbo lè yí. Ojú kì í yí.

TA LÓ GBÀ Á? ni àkọlé ìwé ìtàn aláwòrán náà, ní èdè Faransé, tí ìjọba fẹ́ pín ní ilé ìwé àti ọjà láti fi kìlọ̀ nípa rìbá. Lórí èèpo rẹ̀, ọ̀gá ọjà kan tó dé fìlà iṣẹ́ ń fa bàsíà olódòdó pupa. Opó dì í mú, ó ń sunkún. Láti òdìkejì títì, obìnrin tó ń din ọ̀gẹ̀dẹ̀ wò ó, ó na ṣíbí ìdáná sí ọkùnrin onífìlà, ó ní, "Olè!" Owólabí fò sókè fún ayọ̀.

Màdáàmù tó ń ṣojú ilé iṣẹ́ ìjọba tó gbé iṣẹ́ náà wá sọ̀ kalẹ̀ láti Plateau, àdúgbò àwọn ọ́fíìsì ìjọba. Ó wo àwòrán, ó fọwọ́ lé àyà.

"Ó wọ̀ mí lára gan-an. Ẹ bá mi bọ́ fìlà yẹn."

Owólabí bọ́ fìlà, ó wọ kóòtù fún ọkùnrin náà.

"Kóòtù yẹn jọ ti ọ̀gá wa."

Owólabí yọ kóòtù, ó yọ ọkùnrin inú rẹ̀, ó ṣẹ́ ku ọwọ́.

"Ọwọ́ ta nìyẹn?"

"Ọwọ́ lásán ni, Màdáàmù."

"Ní Plateau, kò sí ọwọ́ lásán."

Ó yọ ọwọ́. Bàsíà ò sì lè máa fò kiri bí ẹyẹ, ló bá fi tábìlì sí i nídìí. Màdáàmù tún wò ó, ojú rẹ̀ wá dúró sí ara opó.

"Kí ló ń sunkún sí báyìí? Kò kúkú sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ẹkún a máa jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé ìwé béèrè ọ̀rọ̀."

Owólabí ṣí bébà rẹ̀ sẹ́yìn, ó bá ẹ̀rín níbẹ̀. Ó tẹ́ kálìkì lé e. Nígbà tó ṣe tán, obìnrin kan ló wà lórí èèpo, tó ń ti bàsíà síwájú lórí tábìlì ọ́fíìsì, tó ń rẹ́rìn-ín sí aráyé. TA LÓ GBÀ Á? ò bá a mu mọ́. Màdáàmù fúnra rẹ̀ mú àkọlé mìíràn wá: ÀWỌN TÓ Ń BA ÌLÚ WA JẸ́. Wọ́n tún ọ̀rọ̀ àti àwòrán inú ìwé ṣe kó bá èèpo lọ. Màdáàmù pàtẹ́wọ́.

"Ọ̀gá," ni Owólabí wí fún Adélànà tó ni ilé iṣẹ́ náà, "opó yẹn ló wá di ọ̀daràn o."

Treichville, ní Abidjan níbẹ̀, ni wọ́n bí Adélànà sí. Yorùbá rẹ̀ àti Faransé rẹ̀ jọ ń sùn lórí ẹní kan ni. "Petit, àbúrò, ta ló mọ̀ ọ́n? C'est un dessin, àwòrán ni! Ìwé mẹ́fà ló tún wà lọ́wọ́ Màdáàmù, mo sì ti ní ìwọ lo máa ya gbogbo ẹ̀. Y a pas drap, kò sí wàhálà kankan."

"Ẹ jẹ́ kí n wá ojú míì yá."

"Nígbà wo? Ọ̀la ni ilé ìtẹ̀wé ń retí ẹ. Àbí o tún fẹ́ ya bàbá ẹ?"

Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Owólabí náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó fi yíǹkì parí iṣẹ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé bó ṣe máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n kò ré títì kọjá lọ́jọ́ náà.

Ìwé jáde. Ní ọjọ́ kẹta, Ràmúlátù wọlé sí ọ́fíìsì lọ́sàn-án gangan, ó wọ aṣọ ọdún, ó ru bàsíà mẹ́rin lórí, ó so wọ́n mọ́ra bí ẹni ń re ìrìn àjò.

"Owólabí! Ojú mi ti jáde!"

Owólabí dìde, ó tún jókòó. "Ẹ káàbọ̀, Ìyá Mubeenah."

"Wọ́n ń pín in káàkiri ọjà. Mo gba mẹ́wàá! Mo fún gbogbo ará ìlà wa, mo tún lẹ ọ̀kan mọ́ iwájú ìsọ̀." Ó sọ ẹrù kalẹ̀. "Mo wá wọ aṣọ tó dáa, mo gbé ọ̀kan lọ bá Alidou. Mo fi lélẹ̀ níwájú ẹ̀ báyìí, pàà! Mo ní, 'Ìjọba ti yà ọ́.' Ó kà á. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní èmi ni wọ́n yà. Ó ní ìjọba ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi tí mò ń fi bàsíà bẹ òṣìṣẹ́ kiri ni mò ń ba ìlú jẹ́. Ó ní ẹ̀yin Ànàgó, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá, lẹ kọ́ wa ní rìbá. Ó ti fi àgádágodo ti ìsọ̀ pa, àwọn tí mo dì mọ́ra yìí nìkan ni mo rí kó."

"Ìyá Mubeenah..."

"Mo sọ fún un lójú gbogbo ọjà pé irọ́ ló ń pa. Mo ní ẹni tó yà á ń bẹ ní Marcory, ọmọ Ọ̀yọ́ ni, kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń dúró dè mí báyìí. Gbà, kà á fún mi dáadáa, kí n lè mọ ohun tí mo máa sọ."

Adélànà wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Irọ́ kan wà lẹ́nu Owólabí, irọ́ tó dùn. Ṣùgbọ́n irọ́ ò lè ṣí àgádágodo. Ó kà á, ó ń fi Yorùbá tú u bó ṣe ń lọ.

"Tún un kà. Bóyá o ṣì í kà."

Ó tún un kà.

Ràmúlátù fi ìka kan bàsíà tó wà lórí èèpo. "Ó dáa. Mo gbà pé mo fún wọn. Ta ló wá gbà á?"

Owólabí ṣí ojú ìwé kìíní. Ó ṣí ìkejì. Ó ṣí gbogbo ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún. "Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀."

"Alidou ò sí níbẹ̀?"

"Kò sí."

"Ẹni tó jọ ọ́ ńkọ́?"

"Kò sí."

"Ọwọ́ lásán ńkọ́?"

"Wọ́n yọ ọ́."

"Ta ló yọ ọ́?"

"Èmi ni, Ìyá Mubeenah."

Obìnrin náà tún wo èèpo náà, ó fi ìka kan tábìlì tó wà lábẹ́ bàsíà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tún òṣùká rẹ̀ ṣe dáadáa, ó sì gbé bàsíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin karí.

"A jẹ́ pé tábìlì ló gbà á," ó ní. "Bá mi kí i."