Apá Ọ̀nà Tó Kù

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀."

Bàbá ti gun àkàbà dé ipele kẹrin kí ọmọ rẹ̀ tó rí i láti ojú fèrèsé. Aránṣọ ni ọmọ náà, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, yàrá iwájú nínú ilé bàbá rẹ̀ ló sì fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Sísọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe sáré jáde.

"Eríàlì yìí ni mo kàn fẹ́ yí díẹ̀," ni bàbá wí. Ó fi ọwọ́ kan di àkàbà mú, ó ń fi èkejì wá etí páànù. Ó nawọ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì kó tó bà á. "Bí mo bá ti yí i sọ́tùn-ún báyìí, kùrukùru yẹn á lọ."

"Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin kì í gun òrùlé."

"Ta ló ṣe òfin yẹn?"

"Èmi ni."

Ó sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi wa ọkọ̀ ojú irin, kò sì sí ẹni tó jẹ́ sọ fún un nígbà náà pé kó sọ̀kalẹ̀. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tẹlifíṣọ̀n ló kù tó ń bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ bá ń dún ní yàrá iwájú: ìròyìn ọ̀sán, bọ́ọ̀lù, àti ètò àwọn ẹranko inú igbó. Ó ti tó oṣù méjì báyìí tí tẹlifíṣọ̀n náà ti ya olórí kunkun. Àwòrán á dúró gbagidi, ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á là sílẹ̀, ojú rẹ̀ á wá fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí àwo tó já bọ́. Atúnṣe méjì ti wá. Ẹni àkọ́kọ́ yí eríàlì sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹnì kejì gbé eríàlì ńlá mìíràn kọ́ síbẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ọ̀rọ̀ kò bùṣe.

Èyí tó wá burú jù ni pé ilé ti di ilé ìjà. Bàbá á ní òun kò rí nǹkan kan. Aránṣọ á fi iṣẹ́ sílẹ̀, á wá wò ó, á ní àwòrán mọ́ kedere. Bàbá á ní irọ́ ni. Bó bá tún padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, àwòrán á fọ́ lóòótọ́, bàbá á tún pè é. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá ni aránṣọ jágbe mọ́ ọn pé ńṣe ló kàn ń wá ẹni tí yóò máa pè. Bàbá pa tẹlifíṣọ̀n, ó jókòó síwájú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu òun fúnra rẹ̀ jáde yìí kò kúrò lọ́kàn aránṣọ láti ọjọ́ náà.

Ìdí nìyẹn tó fi ránṣẹ́ pe atúnṣe kẹta, Ọ̀gá Òkè.

Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí orí òrùlé ni wọ́n ti máa ń rí i. Obìnrin ni, ó kúrú, ó ki, ó ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, ó sì wọ ṣòkòtò tí àpò rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ lo máa gun òkè?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ kú ìjókòó. Ṣùgbọ́n mi ò tíì fẹ́ gùn ún. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní ìbéèrè. Kí ni tẹlifíṣọ̀n náà ń ṣe gan-an?"

"Kùrukùru ló ń bò ó," ni bàbá wí.

"Ó ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ ni," aránṣọ dá sí i. "Bó bá fọ́ tán, á dúró."

Ọ̀gá Òkè wo ọ̀kan, ó wo èkejì. "Bí òjò bá rọ̀ ńkọ́?"

"Á tún burú sí i," ni aránṣọ wí.

"Òjò rọ̀, òjò ò rọ̀, bákan náà ni," ni bàbá wí.

"Ó dáa. Mo ti gbọ́."

Àwọn méjì tó wá ṣáájú, kí wọ́n tó kí èèyàn tán ni wọ́n ti wà lórí páànù. Èyí kò kánjú. Ó yọ ẹ̀rọ kékeré kan nínú àpò rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn bí agbára tó ń ti eríàlì bọ̀ ṣe pọ̀ tó. Ó fa wáyà yọ lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ó tì í bọ ẹ̀rọ náà, ó sì mi orí. "Ohun tó ń dé ibí kò tó mu." Ó jáde, ó dúró láàárín àgbàlá, ó wo òrùlé gbogbo aládùúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo eríàlì wọn ló kọjú sí òkè kékeré tó wà ní ìlà-oòrùn. Ti ilé yìí nìkan ló kẹ̀yìn sí i, bí ọmọ tó ń bínú.

Ìgbà náà ló tó gun àkàbà. Bàbá ti gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ jáde láti wá wò ó, ó dájú pé àléébù ló ń wá. Ṣùgbọ́n bí obìnrin náà ṣe dé orí páànù, kò kàn tẹ ibi tó bá ti rí. Orí ìlà ìṣó ló ń tẹ̀, níbi tí igi wà lábẹ́, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, páànù kò sì dún.

"Ó mọ ibi tí igi wà," ni bàbá wí jẹ́jẹ́.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ohùn rẹ̀ ti òkè wá. "Bàbá, mo ti dá ojú rẹ̀ padà síbi tó yẹ. Níbí, agbára rẹ̀ pọ̀ gan-an. Omi kún inú kànga, ṣùgbọ́n kò dénú ìkòkò. Ojú ọ̀nà ni wàhálà wà."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka méjì tẹ̀ lé wáyà láti ẹsẹ̀ òpó eríàlì wá sísàlẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó dé abẹ́ etí òrùlé, ó dúró. Wọ́n ti so wáyà méjì pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì fi téèpù dúdú wé e. Ó tú téèpù náà. Omi kán sílẹ̀ láti inú rẹ̀, bàbà inú wáyà sì ti di aláwọ̀ ewé.

"Ta ló so ibí yìí?"

Aránṣọ wo bàbá rẹ̀. Gbogbo atúnṣe tó ti mọ̀ láyé, èébú iṣẹ́ ẹni tó ṣáájú wọn ni wọ́n fi máa ń bẹ̀rẹ̀.

"Èmi ni," ni bàbá wí. "Ọdún kẹtàlá rèé."

"Ọwọ́ tó so ó mọ iṣẹ́. Téèpù ló gbó, ìso náà ò yẹ̀."

Ẹ̀yìn bàbá nà lórí àpótí.

Ọ̀gá Òkè kò so wáyà náà mọ́. Ó fa odindi tuntun láti orí eríàlì títí dé ẹnu fèrèsé, láìsí ìso kankan lójú ọ̀nà. Kó tó tì í wọlé, ó jẹ́ kó kọ́kọ́ tẹ̀ kọdọrọ sísàlẹ̀ kó tó yí padà sókè bọ ihò ara ògiri. Bàbá bi í pé kí nìdí.

"Kí omi òjò lè máa kán síbẹ̀ ni, Bàbá. Bí a bá nà án gbọọrọ, òun gan-an ni yóò mú omi wọlé bá yín."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. "Bí a ṣe ń ṣe wáyà iná iwájú ọkọ̀ náà nìyẹn. Ta ló kọ́ ẹ?"

"Òjò ni."

Wọ́n wọlé, wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n. Àwòrán náà mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí aránṣọ fi rí ojú ìránṣọ lára kọ́là kóòtù ẹni tó ń ka ìròyìn. Ó rí i pé ẹni tó rán an fa òwú jù.

"Bàbá, ó ti dára."

Bàbá tẹjú mọ́ ọn. Ó yí orí díẹ̀, ó tún yí i padà. "Kùrukùru náà ṣì wà. Lápá òsì."

Ìbínú ọjọ́ Ajé tún ru sókè lọ́kàn aránṣọ. Ó ti la ẹnu, ṣùgbọ́n Ọ̀gá Òkè gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, aránṣọ sì pa á dé. Obìnrin náà kò kó irinṣẹ́ rẹ̀. Ó fa àpótí kan, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá.

"Bàbá, iṣẹ́ tèmi ni kí n máa yẹ ọ̀nà wò láti òkè wá sílẹ̀. Eríàlì dára. Wáyà dára. Tẹlifíṣọ̀n dára. Apá kan ṣoṣo ló kù tí mi ò tíì yẹ̀ wò."

"Apá wo?"

"Láti ara tẹlifíṣọ̀n dé orí àga yín."

Ọkùnrin inú tẹlifíṣọ̀n ń ka ìròyìn tiẹ̀ lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún. Kí lẹ rí?"

Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. "Mo rí ìmọ́lẹ̀. Mo ń gbọ́ ohùn ọkùnrin náà."

"Ẹ wá bo tòsì."

"Mo rí i. Mo rí táì rẹ̀. Ó ní ìlà pupa."

Aránṣọ kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀ láìmọ ìgbà tó kúnlẹ̀. "Láti ìgbà wo, Bàbá?"

Bàbá ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ó ti pẹ́ díẹ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń yẹ ojú wa wò níbi iṣẹ́. Ẹni tí tiẹ̀ bá ti kù díẹ̀ káàtó, ọjọ́ náà ni wọ́n ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti rí àgbà ọkùnrin tó sunkún bí ọmọ ọwọ́. Mo ní bí mi ò bá ti sọ ọ́…" Ó na ìka sí tẹlifíṣọ̀n. "Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, inú mi dùn. Mo ní ó dáa, òun ló ń ṣe mí bẹ́ẹ̀."

"Ìyá mi fi odindi ọdún kan nu gíláàsì fìtílà," ni Ọ̀gá Òkè wí. "Ó ń bá wa jà lójoojúmọ́ pé a kì í nù ún dáadáa. Nígbà tí a máa fi gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n ní à bá ti tètè wá. Ojú lọba ara, Bàbá. A kì í fi ọ̀rọ̀ ọba falẹ̀."

Bàbá tọwọ́ bọ àpò, ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ jáde, ó sì gbé e sórí tábìlì. Ọkọ̀ náà ló máa ń fi gbé aránṣọ lọ fi aṣọ jíṣẹ́ fún àwọn oníbàárà. "Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá lọ́jọ́rú," ló wí, "mi ò rí i rárá. Apá òsì ló ti yọ."

Aránṣọ rántí. Òun gan-an ló yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀ tó bú onítọ̀hún pé kò lójú.

Ó dìde, ó tẹ oníbàárà kan láago, ó sọ fún un pé aṣọ rẹ̀ kò ní ṣeé gbà lọ́la mọ́, nítorí òun ń mú bàbá òun lọ yẹ ojú wò.

Ní ilé ìwòsàn ojú, dókítà sọ fún wọn pé ìfúnpá ti pọ̀ jù nínú ẹyinjú bàbá, ó sì ti ń pa iṣan ìríran rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ti lọ lápá òsì kò ní padà. Ṣùgbọ́n tọ̀tún fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, bó bá sì ń kán oògùn sí i láràárọ̀ àti lálaalẹ́ láìgbàgbé, kò sí ìdí tí kò fi ní máa ríran lọ. "Ó dára tí ẹ tètè wá," ni dókítà wí. "Ta ló ní kí ẹ wá?"

"Ẹni tó ń tún eríàlì ṣe," ni bàbá fèsì. Dókítà rò pé ó ń ṣàwàdà.

Aránṣọ pe Ọ̀gá Òkè lórí fóònù láti ìta ilé ìwòsàn, ó ròyìn fún un, ó ń dúpẹ́. Obìnrin náà ní òun yọ̀ fún wọn. Ó wá béèrè bóyá àwòrán ò fọ́ nígbà tí òjò àná rọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn tí oòrùn ti rọlẹ̀, bàbá jáde sí àgbàlá pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Aránṣọ sáré jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kejì ọkọ̀, tí kì í ṣe ti awakọ̀, ni bàbá ti ṣí ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó sì jókòó.

"Wá."

"Síbo, Bàbá?"

"Ìdí ọkọ̀."

"Mi ò wa ọkọ̀ rí."

"Mo mọ̀. Ọkùnrin mọ́kàndínlógún ni mo kọ́ níṣẹ́, mi ò kọ́ ọmọ tèmi. Ẹ̀bi mi ni."

Aránṣọ yọ okùn ìwọnṣọ kúrò lọ́rùn, ó fi kọ́ ẹnu ilẹ̀kùn. Ó wọlé, ó di ìdarí ọkọ̀ mú bí ẹni tí wọ́n gbé ẹyin lé lọ́wọ́. Bàbá fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ó fi ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀tún yóò wà hàn án, àti ibi tí tòsì yóò wà. Lẹ́yìn náà ló yí gbogbo ojú rẹ̀ díẹ̀, kí èyí tó ń ríran nínú méjèèjì lè kọjú sí ọ̀nà.

"Máa gbé e lọ jẹ́jẹ́," ló wí. "Kò sẹ́ni tó ń lé wa."