Ohun Tó Ń Yí Ojú Àwọn Átọ́ọ̀mù Padà

Ó lé lọ́dún kan lẹ́yìn tí òkúta já lu Notburga Hörtnagl lórí òkè kí ó tó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìwádìí wa. Burgl ni gbogbo wa ń pè é. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Àga onítáyà ló gbé e wọlé, irú èyí tí mọ́tò kékeré wà nínú táyà rẹ̀ méjèèjì kí apá má baà máa ro ó. Severin Plattner, tó ti ń darí iṣẹ́ náà láti ìgbà tí Burgl ti wà nílé ìwòsàn, dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ ibi tí yóò kó ojú sí.

"Kí lò ń wò?" ni Burgl bi í. "Ṣé o ò rí arọ rí ni?"

"Mi ò tíì rí arọ tó ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́ báyìí," ni Severin dá a lóhùn. "Aago mẹ́sàn-án la sọ."

Burgl bú sẹ́rìn-ín. Ara tu gbogbo wa.

Èmi Vroni ni mò ń bójú tó àwọn iná lésà níbẹ̀, nítorí náà gbogbo rẹ̀ ló ṣojú mi. Burgl ló fọwọ́ ara rẹ̀ to ẹ̀rọ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Àpótí kan wà láàárín rẹ̀ tí a ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Inú rẹ̀ la ti ń fi iná lésà mú ìwọ̀nba átọ́ọ̀mù kan, tí a ó sì mú kí wọ́n tutù débi pé òtútù àárín àwọn ìràwọ̀ á dà bí ooru ààrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Òòfà kékeré ni átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan. A máa ń mú kí gbogbo wọn kọjú síbì kan náà, lẹ́yìn náà a ó dín agbára òòfà tí a fi dì wọ́n mú kù títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Burgl gbà pé wọn ò ní dúró bẹ́ẹ̀. Òòfà ọ̀kan á máa ti òòfà èkejì lókèèrè, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n. Ohun tó fẹ́ fojú rí nìyẹn. Severin ti wá a títí, kò rí i.

Àfi bí Burgl ṣe dé tí a rí i. Ìkùukùu átọ́ọ̀mù tó máa ń wà lójú kan nínú àwòrán wa pín sí mélòó kan, èyí tó túmọ̀ sí pé àwọn kan nínú wọn ti kọjú síbòmíràn. Inú Ọ̀jọ̀gbọ́n Gschnitzer, ọ̀gá wa, dùn débi pé ó lọ ra kéèkì ṣokoléètì fún gbogbo ilé.

"Ìwọ ni wọ́n ń dúró dè," ó wí fún Burgl.

Ọ̀gá ń ṣàwàdà ni, àmọ́ Severin ò rẹ́rìn-ín. Ó ti ṣàkíyèsí pé lọ́jọ́ tí Burgl bá lọ fún ìtọ́jú ẹsẹ̀, kò sí átọ́ọ̀mù kan tó ń yíjú padà. Kò sọ ọ́ fún ẹnì kan. Ohun tó wá ṣe ni pé ó lọ bá Burgl.

"Yàrá kan wà lókè," ó ní, "tó kọjú sí òkè Nordkette. Oòrùn ń wọ ibẹ̀ dáadáa. Mo rò pé ibẹ̀ á tù ọ́ lára. A ó máa fi àwòrán ránṣẹ́ sí ọ."

"Ta ló sọ fún ọ pé oòrùn ni mò ń wá?"

"Mo kàn rò pé..."

"Má rò ó mọ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, èmi àti Burgl jọ ń jẹun nílé oúnjẹ. Kò fọwọ́ kan tirẹ̀. "Vroni, máa sọ òótọ́ fún mi. Ṣé wọ́n fẹ́ lé mi ni?" Mo ní mi ò gbọ́ nǹkan kan. Bí Severin ṣe gbé abọ́ rẹ̀ kọjá báyìí, Burgl fà á láṣọ.

"Jókòó."

Ó jókòó.

"Kí ló dé tí o ń wá yàrá fún mi bí ẹni ń wá ilé fún àlejò?"

Severin ń fi ṣíbí yí Knödel, òkèlè búrẹ́dì róbótó inú ọbẹ̀ rẹ̀, káàkiri. Etí rẹ̀ pọ́n. "Àga rẹ ni," ó sọ níkẹyìn. "Òòfà wà nínú mọ́tò rẹ̀. Tí o bá ti sún mọ́ ẹ̀rọ, àga yẹn ló ń ti àwọn átọ́ọ̀mù. Ohun tí a rí yẹn, kì í ṣe ohun tí à ń wá."

Burgl ti abọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rò pé ẹkún ló máa sun, àmọ́ nígbà tó lanu, ohùn rẹ̀ le.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan."

"O sì jẹ́ kí Ọ̀jọ̀gbọ́n máa ra kéèkì kiri?"

"Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́, Burgl? Kí n wá sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ikú bọ̀ pé..."

"Kí o sọ ọ́ bí o ṣe ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀! Lọ́jọ́ tí mo so wáyà lódì, ṣé yàrá olóòrùn lo wá fún mi? Ewúrẹ́ lo pè mí, lójú gbogbo ènìyàn!" Ó lu tábìlì. "Ẹ̀rọ ń ṣìnà, ìwọ ń wá ibi tó máa tù mí lára. Ètè lo fi sílẹ̀ tí o ń pa làpálàpá. Mi ò fẹ́ àánú. Pè mí ní ewúrẹ́."

"Ewúrẹ́," ni Severin wí, ojú rẹ̀ ṣì wà nínú ọbẹ̀. Ọbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ há mi lọ́fun.

Burgl ò jẹ́ ká jẹun tán. Ó ṣíwájú wa padà sí yàrá ẹ̀rọ, ó ní kí n gbé ohun tí ń wọn agbára òòfà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, kí n máa pe ohun tí mo bá rí. Ó wa àga síwájú, ó wà á sẹ́yìn. Bó ṣe ń lọ ni nọ́ńbà ń lọ, bó ṣe ń bọ̀ ni nọ́ńbà ń bọ̀. Mo rí i tí ojú rẹ̀ rọ̀. Ìgbà tó rí i fúnra rẹ̀ ló tó dun ún.

Ó mí kanlẹ̀. "Òótọ́ ni. Ó kàn ọ́, Severin. Rìn kọjá."

Severin rìn kọjá. Nọ́ńbà sún. Ìdì kọ́kọ́rọ́ ló wà lápò rẹ̀, bàtà tó fi ń gun òkè tó wọ̀ sì ní irin nídìí. Ó kàn mí, àlùmọ́gàjí tó wà lápò mi bá mi ṣe é. Ọ̀jọ̀gbọ́n wọlé wá béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó wọ́ àpótí ìjókòó onírin kan láti fi jókòó, nọ́ńbà tún fò.

"Ẹ dìde níbẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n!" Burgl kígbe. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí gbogbo wa. "Ti àga mi ló tóbi jù, mi ò jiyàn. Àmọ́ gbogbo wa là ń da ẹ̀rọ náà láàmú. Kì í ṣe èmi nìkan ló yẹ kó jáde níbí. Kí gbogbo wa jáde ni."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo àpótí ìjókòó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo Burgl, ó ní, "Ọ̀rọ̀ rẹ tọ̀nà."

A lu ògiri já, a fa wáyà gígùn gba ibẹ̀, a kó tábìlì gbogbo lọ sí yàrá kejì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan ní ìlú Florence ti gbọ́ ìròyìn ayọ̀ wa. Burgl fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ wọ́n láago. "Àṣìṣe ni," ó wí fún wọn. "Àga mi ni." Ó rò pé wọn yóò fi òun ṣẹ̀sín. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n sáré lọ wo ohun tó wà nítòsí ẹ̀rọ tiwọn.

A wá jókòó sí yàrá kejì, a ò rí nǹkan kan. Ìkùukùu wà lójú kan bíi tàtijọ́. Atẹ́gùn gbígbóná ìgbà ìrúwé ń ti orí òkè bọ̀, irú èyí tó máa ń fọ́ni lórí. Severin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé bóyá kò sí ohun tí à ń wá rárá.

"Gbọ́ mi," ni Burgl wí. "Nígbà tí a wà nínú yàrá yẹn, a ò lè dín agbára òòfà kù kọjá ibi kan nítorí pé òòfà irin ara wa á máa pariwo bò ó. Yàrá ti pa rọ́rọ́ báyìí. Kí ló dé tí a ṣì dúró síbi àtijọ́? Ẹ jẹ́ ká lọ sísàlẹ̀ sí i."

A dín in kù díẹ̀díẹ̀, débi tí a ò dé rí. Ìkùukùu náà pín.

Kò sẹ́ni tó pariwo. Kéèkì ọjọ́sí ti kọ́ wa lọ́gbọ́n. "Ó lè jẹ́ irin mìíràn," ni Severin wí.

"Bó bá jẹ́ irin ni, kò ní bìkítà bóyá átọ́ọ̀mù pọ̀ tàbí wọ́n kéré," Burgl dáhùn. "Àmọ́ bó bá jẹ́ àwọn fúnra wọn ló ń ti ara wọn, bí wọ́n bá ṣe sún mọ́ra tó ni wọn á ṣe yára tó. Vroni, fún wọn mọ́ra."

Mo fi iná lésà fún wọn mọ́ra. Wọ́n yára yíjú padà.

"Tú wọn ká."

Mo tú wọn ká. Wọ́n ń ṣe é wọ́ọ́rọ́wọ́.

Mo fún wọn mọ́ra lẹ́ẹ̀kan sí i, mo tún tú wọn ká, wọn ò yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ wọn. Severin fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Mi ò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín, mi ò sì bi í. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń pe Florence padà, ó ń sọ̀rọ̀ bí ọmọdé, ọ̀rọ̀ ń fò lórí ara wọn.

Burgl nìkan ni ara rẹ̀ balẹ̀. Ó ti fa ìwé kan sọ́dọ̀, ó ń ya nǹkan róbótó sórí rẹ̀. Ó ní átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ń yí bí òkòtó, bó bá sì yíjú padà, ó yẹ kí ìyípo tó sọnù lọ síbì kan. Ṣé gbogbo ìkùukùu ni yóò máa yí bí omi ṣe ń yí nínú odò Inn lẹ́bàá afárá? Ó ń bi Severin léèrè ọ̀nà tí a ó fi rí i, Severin sì ti nu ojú, ó ń bá a jiyàn.