Òòlù Ọ̀gá, Púlà Ìyàwó

Kò já.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lù ú, kò já. Èmi! Èmi tí mo máa ń lu táírọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mejì péré, gbì, gbì, tí yóò sì já wálẹ̀ bí ọsàn tó pọ́n... Ó dáa. Òòlù ló yọ̀ lọ́wọ́ mi. Gírísì ló wà lọ́wọ́ mi, òun ló fà á. Jẹ́ kí n nù ún mọ́ ṣòkòtò — kò sí nǹkan kan lára ṣòkòtò. Ọwọ́ gbẹ táútáú. Gírísì ni, mo ní gírísì ni.

Ká tún bẹ̀rẹ̀. Èmi kì í ṣe ẹni tí irin ń bá ṣeré. Ọdún kẹrìnlélọ́gbọ̀n rèé tí èmi àti sítíárìn ọkọ̀ ti ń jìjàkadì, kò tíì sí ọ̀kan tó dá mi. Mọ́tò tíṣà yìí kéré sí mi. Mo ti gbé e sórí jáàkì, mo ti ki ìtì igi bọ abẹ́ rẹ̀, nítorí ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan, ara rẹ̀ ló ń tàn. Mo ti yọ táyà ọwọ́ òsì. Mo ti yọ pínnì, mo ti tú nọ́ọ̀tì. Ó ku kí orí ọ̀pá sítíárìn, táírọ́ọ̀dù náà, já kúrò lára apá irin tó di táyà mú. Ó há síbẹ̀. Kí ló tún kù? Ohun tó há ni mo ń yọ jẹun láti ìgbà èwe mi.

Bó bá jẹ́ pé táírọ́ọ̀dù náà ti bàjẹ́ ni, ǹ bá má rojọ́ kankan. Kò bàjẹ́. Rọ́bà gígùn tó bo ọ̀pá náà lápá òkè ló ya, rọ́bà lásán, ṣùgbọ́n tuntun kò ṣeé wọ̀ fún un àfi kí orí ọ̀pá kọ́kọ́ já. Táírọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí èmi fúnra mi fi sí i. Bó ṣe jáde ló gbọ́dọ̀ padà wọlé, láìní àbààwọ́n. Àbí kí n sọ fún tíṣà pé mo wo rọ́bà sàn, mo sì ṣẹ́ ọ̀pá?

Fọ́ọ̀kì, irin eléyín méjì tí a fi ń ya táírọ́ọ̀dù, wà lára ògiri, ó ń wò mí. Bí mo bá ki eyín rẹ̀ méjèèjì sáàárín, tí mo gbá a nídìí, á já, kíákíá ni. Á sì fa rọ́bà kékeré tó wà lọ́rùn rẹ̀ ya, gírísì á tú jáde, iyẹ̀pẹ̀ á wọlé, nígbà tó bá fi máa di oṣù kejì, sítíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ tíṣà lójú títì. Fọ́ọ̀kì wà fún èyí tí a fẹ́ sọ nù. Ta ló ń fi àdá fá orí ọmọ? Rárá. Fọ́ọ̀kì, dúró síbi tí o wà.

Ó wá ku òòlù.

Àti ìyẹn. Ìyẹn tó wà nínú àpò aṣọ búlúù lábẹ́ bẹ́ǹṣì. N kò sọ pé n ó lò ó o. Mo kàn ń kà wọ́n ni.

Ìyàwó mi ló rà á. Ìyàwó wo ló ń ra púlà fún ọkọ rẹ̀? Tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá fẹ́ tọ́jú ọkọ, bàtà ni wọ́n ń rà, tàbí fìlà. Tèmi bọ́ sọ́dọ̀ oní-irinṣẹ́, kò mọ orúkọ ohun tó ń wá, ó wá ká ìka rẹ̀ bí ìgbà tí akàn fẹ́ mú nǹkan, ó ní: “Ẹ fún mi ní èyí tó ń yọ nǹkan láìpariwo.” Oní-irinṣẹ́ ló ròyìn fún mi, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi gbé e lé mi lọ́wọ́. “Bàbá Ìbejì, ẹ̀bùn ni. Ẹ má bi mí ní nǹkan kan.” Mo dúpẹ́. Ní ọjọ́ kejì mo sọ ọ́ sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ó gbé oúnjẹ ọ̀sán wá, ó rí i níbẹ̀, ó yí i padà kí ọ̀rinrin má baà mú un, ó lọ. Obìnrin tó bá ń sọ̀rọ̀, èèyàn á mọ ohun tí yóò fi dá a lóhùn.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin. Mo di òòlù mú. Ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, èjìká sílẹ̀, kí n wo ẹ̀gbẹ́ irin níbi tó nípọn — ibẹ̀ gan-an, kì í ṣe lórí táírọ́ọ̀dù, ọ̀dẹ̀ ló ń lu orí táírọ́ọ̀dù. Ó yá —

Yéè! Àtàǹpàkò mi!

Òòlù ti dé abẹ́ mọ́tò. N kò sọ ọ́ síbẹ̀. Èmi ò jù ú, ó kàn... ọwọ́ ló tú.

Ọwọ́ ló tú. Ó dáa, mo ti sọ ọ́. Kò sí ẹni tó gbọ́. Mo na àwọn ìka. Mo ká wọn. Ìka kékeré àti ìkejì rẹ̀ kò ká dé ìdí, ó ń ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú wọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe láti ọjọ́ mélòó kan nìyẹn. Ọjọ́ mélòó kan kọ́. Láti ìgbà tí tíṣà ti gbé mọ́tò yìí wá lẹ́ẹ̀kìíní? Ṣáájú ìyẹn.

Ẹnu mi yìí ló kó bá mi. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Níwájú gbogbo àwọn mẹkáníìkì àdúgbò ni mo ti fọ́nnu, mo ní ọjọ́ tí òòlù mi bá lu táírọ́ọ̀dù tí kò já, kí wọ́n wá bá mi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́ fún ara mi. Bí mo bá wá ti ilẹ̀kùn náà, kí ni mo jẹ́? Ọkùnrin kan tó jókòó sílé, tó ń ka iye ìgbà tí aládùúgbò ń wúkọ́. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà wí i. Mo fẹ́ràn rẹ̀.

Tíṣà á dé nígbà tí wọ́n bá jáde ilé-ìwé, á ní: “Ọ̀gá, mo mọ̀ pé tiyín kì í pẹ́.” Kì í pẹ́ lóòótọ́.

Ó yá, ìwọ púlà, jáde. Nítorí rọ́bà ni o. Kì í ṣe nítorí ọwọ́. Ẹni tó bá gbọ́n, rọ́bà ló ń rò.

Ó tilẹ̀ dára ní wíwò. Ó wúwo, kò wúwo jù. Mo mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lò ó, kí ni n kò mọ̀? Mo kọ́kọ́ dá nọ́ọ̀tì padà, kí ó fi eyín mẹ́ta péré mú, kí orí bóòtù má baà bàjẹ́, kí táírọ́ọ̀dù má sì fò lù mí lójú tó bá já. Mo ki ẹnu púlà méjèèjì sábẹ́ apá irin. Jẹ́jẹ́, kí ó má fún rọ́bà. Mo fa rọ́bà sẹ́yìn díẹ̀. Bóòtù àárín púlà wá gúnlẹ̀ sí góńgó orí táírọ́ọ̀dù báyìí... ó wọ́. Mo tú u. Mo tún un gbé. Ó tọ́ wàyí. Sípánà gígùn, mo ń yí i díẹ̀díẹ̀. Ìdajì. Ìdajì. Kò sí ìdí láti fún sípánà mọ́ ọwọ́, àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi ń tì í, àní ìgbọ̀nwọ́ tó o. Ìdajì. Ó ń le. Ìdámẹ́rin. Ó le gan-an.

Ó tó. Ẹni tí kò mọ púlà ló ń fi ìbínú yí i níbi tó dé yìí, tí yóò fi ṣẹ́ ẹnu rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú níí le koko. Kí irin máa bá irin sọ̀rọ̀. Kí n jókòó.

Ọ̀gá mi, ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́, kò lo púlà rí. Òòlù ni. Òòlù yìí kan náà, tó ń sùn lábẹ́ mọ́tò, òun ló ni ín. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti lò lọ́dọ̀ rẹ̀, mo ti di bàbá ọmọ, kó tó gbé e lé mi lọ́wọ́. “Gbà. Ìwọ lù ú, jẹ́ kí n rí bí o ṣe ń lù ú.” Láti ọjọ́ náà, táírọ́ọ̀dù yòówù kó dé, èmi ni. Ìlara fẹ́ pa àwọn ẹgbẹ́ mi. Wọ́n ní ó ti fi mí ṣe àrólé. Mo ń rìn bí àkùkọ nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ọdún mẹ́jọ gbáko ni mo fi lù ú fún un, kò gba òòlù padà lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan, bó ti wù kí iṣẹ́ wọ̀ wá lọ́rùn tó...

Kí ló dé tí mo jókòó báyìí?

Ọwọ́ mi. Ìgbà wo ni mo fi wọ́n síbẹ̀? Mo ti ká ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ abíyá, mo fún wọn mọ́ra, kí wọ́n má baà gbọ̀n. Ara ló gbé wọn síbẹ̀, n kò rán an.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀gá máa ń dúró. Lẹ́yìn mi. Ọwọ́ méjèèjì lábẹ́ abíyá, lóòrùn, lójò, ọdún mẹ́jọ. A ní ìgbéraga ni. A ní ọ̀gá ń wo iṣẹ́ bí ọba ṣe ń wo ìjòyè... Ọ̀gá. Ẹ̀yin náà? Ọwọ́ yín ni? Kì í ṣe pé mo mọ̀ ọ́n lù ju àwọn tó kù lọ?

Pàù.

Ó já. Ó já fúnra rẹ̀, nígbà tí n kò wò ó. Nọ́ọ̀tì gbà á mú, rọ́bà wà ní pípé, gírísì kan kò tú. Gbogbo ariwo rẹ̀ kò ju ti ẹni tó pa ìka lọ.

Ọdún mẹ́jọ, ọ̀gá. Ẹ kò sì ti ilẹ̀kùn. Ẹ rí ọwọ́ mìíràn, ẹ sì ń ṣiṣẹ́ yín lọ, ẹ jẹ́ kí n máa yan bí àkùkọ. Ó yẹ kí ojú tì mí. Kò tì mí. Ó ń dùn mí pé n kò bi yín rí, pé ẹ̀yin nìkan ń bá a yí níbi tí èmi náà wà, kò sí ẹni tó bu omi gbígbóná fún yín pé ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bóyá ìyàwó yín mọ̀. Àwọn ìyàwó —

Ife.

Ife tíì mi. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ìdajì ni ìyàwó mi ń bù fún mi. Ìdajì láàárọ̀, kó tó di pé mo mu ún tán ó ti tún bu ìdajì mìíràn sí i. Kò jẹ́ kó kún dé ẹnu mọ́. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn ọmọ, níwájú àlejò. Mo ní ahun ni. Ìdajì ife kì í dà sílẹ̀ lọ́wọ́ tó ń gbọ̀n.

Ó mọ̀. Gbogbo ìgbà yẹn ló ti mọ̀, ó sì jẹ́ kí n máa pè é ní ahun.